Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Mo Yọ

Ẹ má bínú pé mi ò ní fi "wọ́n" pe ọ̀gá mi nínú ìtàn yìí. Ó dàgbà jù mí lọ, ó kàwé jù mí lọ, ó sì ti pẹ́ nílùú òyìnbó débi pé imú ló fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tó ṣe fún mi ti gba ọ̀wọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Mò ń gbé ní Agbowó, nínú yàrá kan tó kọjú sí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi sítóòfù dín ẹyin láràárọ̀, tí gbogbo aṣọ mi fi ń rùn kẹrosíìnì. Bódìjà ni ibi iṣẹ́ mi wà, ọ́fíìsì kan tó ń ṣèwádìí nípa ìlera àwọn abiyamọ ní àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí ìgbèríko á gbé fọ́ọ̀mù, wọ́n á bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè, wọ́n á kó fọ́ọ̀mù wálé. Àwa tó wà nílé la máa sọ ọ́ di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè kà.

Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ayé ìsinsìnyí wé tiwa o. Tiwa tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ń gbé, nígbà tí àwa èèyàn ń làágùn yọ̀bọ̀ lọ́wọ́ kejì ògiri. Bí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ooru ń mú wa, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọ́fíìsì máa sáré lọ wò.

Ẹni tó ń gbé nọ́ńbà láti orí fọ́ọ̀mù sórí káàdì ni ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníkáàdì. Páálí pélébé ni káàdì yẹn. Ẹ̀rọ kan ló ń lu ihò sí i lára, ihò yẹn sì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ọmọ Ṣakí ni Ìyá, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá àkókò; ẹní ìkírun wọn wà ní kíká lẹ́yìn ẹ̀rọ wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń lu ihò. Ìwé tí wọ́n kà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ìka wọn kì í ṣìnà. Ó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ń ṣàlàyé fún mi irú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa ṣí nílé, débi pé mo ti mọ ibi tí wọ́n máa gbé firíìjì sí.

Ìyá yìí ló kọ́ mi ní ohun tó wá di ohun ìjà mi. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé lábẹ́ ìbéèrè "Ọmọ mélòó lẹ bí?", nọ́ńbà 99 ń jáde lemọ́lemọ́. Obìnrin kan bí márùn-ún, èkejì bí mẹ́ta, ẹ̀kẹta bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo gbé ìwé náà lọ bá wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àbí ọwọ́ yín ṣì í níbí ni?"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọwọ́ mi kẹ̀? Lọ gbé fọ́ọ̀mù wá ká jọ wò ó. Ohun tí wọ́n kọ ni mo tẹ̀. Ìwọ náà rò ó wò, ta ló máa dúró níwájú àlejò, táá máa ka ọmọ rẹ̀ ní ení, èjì? A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, sísí. O lè bi wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, 'Ọlọ́run ló mọ iye wọn' ni wọ́n máa sọ. Wọ́n wá ní kí àwọn tó ń gbé fọ́ọ̀mù kiri máa kọ 99 síbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti dáhùn. O ò ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni?"

Mi ò kà á. Ọ̀gá mi náà ò kà á rí, àmọ́ ìyẹn ṣì ń bọ̀.

Bí a bá fi 99 yẹn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà pé ọmọ gidi ni, á sì kà á mọ́ ọmọ aráyé. A ní láti yọ gbogbo rẹ̀, ká fi àmì òfo rọ́pò, kó má wọ inú ìṣirò. Mo lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó ní kí n lọ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é látayébáyé, ìyẹn prógíráàmù tó ń yí po: mú obìnrin kìn-ín-ní, wò ó, ṣé 99 ni? Bó bá jẹ́ òun ni, pa á rẹ́. Padà sókè, mú ìkejì. Padà sókè, mú ìkẹta. Bó ṣe máa yí títí kan obìnrin tó kẹ́yìn nìyẹn, lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá fi irú rẹ̀ sẹ́nu kọ̀ǹpútà wa láàárọ̀, ó dìgbà tí mo bá jẹun ọ̀sán tán.

Ní bíi oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, páálí kan ti dé láti òkè òkun. Èdè kọ̀ǹpútà tuntun kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá mi ò ṣí i. Ó ń fi ìwé náà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa pa á dé. Èmi ni mò ń gbé e lọ sí Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí mo sì ń dá a padà sídìí ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kó tó dé.

Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i. Èdè tuntun yìí kì í mú nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlà nọ́ńbà ló ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀gá ilé ìwé wa ṣe máa ń ṣe lórí ìlà láàárọ̀: "Gbogbo ẹni tí kò mú ìgbálẹ̀ wá, ẹ bọ́ síwájú!" Kì í lọ máa bi ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlà pé, "Èwo nínú yín ni 99?" Kọ̀ǹpútà á gbé ìlà kejì kalẹ̀, tó gùn bákan náà, tó jẹ́ kìkì bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ óò wá ní, "Níbi tí bẹ́ẹ̀ ni bá wà, fi òfo rọ́pò. Má fọwọ́ kan àwọn yòókù." Ó tán. Ìlà prógíráàmù kan péré. Mo fún ìlà bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ yẹn lórúkọ, mo pè é ní IGBALE, nítorí ọ̀gá ilé ìwé wa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mò ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Kí n tó bu ẹ̀ẹ̀kejì sẹ́nu, ó ti parí. Mo rò pé ó ti kọ iṣẹ́ ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò sí 99 kankan mọ́, gbogbo márùn-ún àti mẹ́ta wà níbi tí wọ́n wà. Mo dìde, mo jó díẹ̀ nínú yàrá tútù yẹn. Ìyá Oníkáàdì yọjú, wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo fi bébà hàn wọ́n, ibi tí 99 wà tẹ́lẹ̀ àti òfo tó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní, "O ti gba àwọn ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ." Wọ́n fún mi ní kúlíkúlí.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin kan tó ti gbà síṣẹ́ pẹ̀lú wa, tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi wo ìlà mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe gbogbo ọ́fíìsì.

"Ẹ wá wo prógíráàmù ọ̀lẹ! Kò yí síbì kankan. Obìnrin ò ní yé wá ọ̀nà àbùjá. Jọ̀wọ́, lọ kọ ọ́ bí ẹni tó kàwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àna rẹ̀ ló rín in jù. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo kó bébà mi, àmọ́ mo fi ìlà náà sílẹ̀ nínú prógíráàmù.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí náà jókòó ní Dùgbẹ̀. Èmi ni mo gbé àpótí bébà tẹ̀ lé ọ̀gá mi. Ó dìde, ó ní òun ti ṣàwárí ọ̀nà tuntun kan láti tún nọ́ńbà ṣe láìyí po, ìlà kan péré. Ló bá fa ìlà mi yọ. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà lókè. Alága ìgbìmọ̀ náà, ìyá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, bi í pé kí ni IGBALE túmọ̀ sí. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yí. Ó ní àgékúrú èdè òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, tí wọn ò ní lè lóye rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìyá náà mi orí. Èmi tí mo gbé àpótí lórí itan, mo wa eyín mi pọ̀ débi pé ó ń dùn mí títí di ọjọ́ kejì.

Nítorí ìlà yẹn ni wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì wa ní ààyè ẹnì kan láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan lókè òkun. Akọ̀wé ti kọ́kọ́ tẹ orúkọ mi sínú lẹ́tà, nítorí gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Mo rí lẹ́tà yẹn fúnra mi. Ọ̀gá mi ti fi bírò pupa fagi lé orúkọ mi, ó sì kọ orúkọ àna rẹ̀ sókè rẹ̀. Inú mi ò bàjẹ́ o. Inú bí mi. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Bódìjà dé Agbowó, ìbínú ló gbé mi délé, mi ò rántí bí mo ṣe sọdá títì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè mí. "Kó gbogbo prógíráàmù náà fún un. Òun ni yóò máa darí rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó lè ti mọ̀ ọ́n kó tó lọ."

"Ó dáa, sà."

Mo kó o fún un. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, àfi ìlà kan. Mo fi sùúrù yọ ọ́, mo so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, kò sí ojú àpá. Mi ò fi ohun burúkú kankan síbẹ̀, mo kàn gba tèmi padà ni. Bí ìlà náà bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ṣebí á mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ìlú kan tí àwọn obìnrin tó kọ̀ láti sọ iye ọmọ wọn níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíì lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá mi kì í yẹ iṣẹ́ wò. Mo wá jókòó, mò ń retí. Mi ò ní purọ́ fún yín, n ò gbádùn ọjọ́ kankan níbi iṣẹ́ yẹn tó àwọn ọjọ́ tí mo fi retí yẹn.

Ìpàdé ńlá wá wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àna rẹ̀ tẹ àbájáde jáde, ọ̀gá mi sì gbé e bó ṣe gbóná, ó lọ kà á. Ó ka ti ìlú kìíní, ó ka ti ìkejì, àwọn tí mo ti tún ṣe kí n tó yọ ìlà náà. Ó dé orí ìlú tuntun yẹn, ó sì kà á jáde ketekete pé bí a bá pín in dọ́gba, obìnrin kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́rìndínlógún.

Ìyá nọ́ọ̀sì yọ awò ojú wọn. "Ọ̀gá, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ibo ni wọ́n ń gbà dé ìlú yìí? Mo fẹ́ lọ kí àwọn obìnrin náà kú ewu."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ dòní. Mo rẹ́rìn-ín tèmi sínú áńkáṣífù. Òógùn bo ọ̀gá mi lójú. Ó ń ṣí bébà síwá, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Mo sọ lọ́kàn mi pé, jẹ ẹ́, jẹ ẹ́ dáadáa, o ṣì máa jẹ sí i. Ló bá gbé orí sókè, ó sì sọ ohun tí mi ò rò pé ó máa sọ.

"Ẹ má bínú. Ẹni tó ń tẹ káàdì wa ló ṣe àṣìṣe. Ìyá àgbàlagbà ni, ojú ti ń ṣe bàìbàì."

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi fún Ìyá Oníkáàdì ní kúérì. Lẹ́tà náà ní kí Ìyá ṣàlàyé ìdí tí ọ́fíìsì ò fi ní dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ku méjì. Ìyá gbé lẹ́tà náà láti ilé wọn ní Challenge wá bá mi ní Agbowó lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí kò sẹ́lòmíì tí wọ́n lè bẹ̀ pé kó bá wọn fi òyìnbó fèsì.

"Bá mi kọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé mi ò ṣì í tẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ fún wọn nígbà yẹn. Mi ò sọ ọ́. Ìbínú mi ò tíì tán, ó tún wá gbé ẹrù Ìyá mọ́ tèmi. Mo kọ lẹ́tà kan tó gba ojú ìwé méjì. Mo ní kí ìgbìmọ̀ gbé fọ́ọ̀mù síwájú, kí wọ́n fi wé káàdì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ka ohun tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Mo ní bí káàdì àti fọ́ọ̀mù bá bára mu, kí ẹni tó ní òun kọ prógíráàmù náà wá fi hàn wọ́n ibi tó ti yọ 99 kúrò.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ìyá ní èmi ni kí n bá àwọn jókòó, torí òyìnbó ò yọ̀ lẹ́nu àwọn. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù wé káàdì títí ọ̀sán fi pọ́n. Wọn ò rí ẹyọ àṣìṣe kan. Ìyá nọ́ọ̀sì ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù sókè, ó wá kan ọ̀gá mi.

"Prógíráàmù ló yẹ kó yọ 99. Ta ló kọ prógíráàmù?"

"Èmi ni, mà."

"Ìlà kan péré lẹ pè é ní Dùgbẹ̀. Ẹ bá wa kọ ọ́ sójú pátákó."

Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí i. Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó ń yí po: mú ìkìn-ín-ní, wò ó, padà sókè. Ó kọ ọ́ kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣọ́ọ̀kì dá mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wá èyí tó dá. Kò sẹ́ni tó bá a wá a. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, mo sì dárí orúkọ tó fi bírò pupa fagi lé yẹn jì í díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Ìyá nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ìwọ tó kọ lẹ́tà yìí, ṣé o lè kọ ọ́?"

Mo nu igun kan lójú pátákó. Mo kọ ìlà mi síbẹ̀. Wọ́n tún béèrè pé kí ni IGBALE. Mo sọ ìtàn ọ̀gá ilé ìwé wa, bí a ṣe ń tò, bí àwọn tí kò mú ìgbálẹ̀ wá ṣe ń bọ́ síwájú. Ìyá nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá wo ọ̀gá mi. "Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Wọ́n gbé ọ̀gá mi kúrò, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan ní Jericho tí kò ní kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Àna rẹ̀ ò rí òkè òkun lọ. Èmi náà ò lọ lọ́dún yẹn, wọ́n gba ààyè náà padà, àmọ́ mi ò banú jẹ́. Wọ́n ya kúérì Ìyá lójú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo yọ ìlà kankan. Prógíráàmù rẹ̀ ni, ṣebí òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bá Ìyá nídìí ẹ̀rọ wọn. Mo rò pé a jọ máa rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ti kírun tán, wọ́n ń ká ẹní. Wọn ò gbójú sókè.

"Ọjọ́ tó o jó nínú yàrá tútù, o fi bébà hàn mí. Mo rí i pé 99 ò sí níbẹ̀ mọ́. Báwo ló ṣe padà wá?"

Wọ́n ká ẹní náà tán, wọ́n fi há abíyá.

"Mo mọ ohun tó ṣe fún ẹ. Kò dáa, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá. Nígbà tó ò ń yọ ọ́, ṣé o wò ó pé mo wà nínú àwọn tó máa bá?"

Mi ò wò ó. Mo ti ronú kan ọ̀gá mi, mo ti ronú kan àna rẹ̀, mo ti ronú kan gbọ̀ngàn tó máa rẹ́rìn-ín, mi ò ronú kan Ìyá lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìwo ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú: ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ni mo ní. Wọ́n gbé ẹní wọn sẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n fa aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Ọdún méjì tó kù yẹn, wọ́n ń dáhùn bí mo bá kí wọn, àmọ́ wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ṣakí fún mi mọ́.